Àfonífojì Aosta: Ibi Tí Odi Ti Ń Ṣọ́ Ọ̀nà

Ọjọ́rú: Pont-Saint-Martin àti Donnas

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí odi àti ilé ìṣọ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Valle d'Aosta, àfonífojì kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì, ojú ọ̀nà ni kó kọ́kọ́ wò. Láti Torino, ilẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹ títí dé Ivrea. Bí a ṣe kọjá Ivrea báyìí ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa lọ́tùn-ún lósì, tó fi jẹ́ pé odò Dora Baltea, títì márosẹ̀ àti ojú irin rélùwéè ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ibòmíràn tí èèyàn lè gbà. Ní òpin àfonífojì náà lókè, ọ̀nà méjì ló wà láti sọdá òkè Alps, ọ̀kan já sí Faransé, èkejì já sí Siwisalándì. Láti ayé àwọn ará Róòmù ni oníṣòwò, ọmọ ogun àti àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní Róòmù ti ń gba ibẹ̀. Ní ọdún 990, Sigeric, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, gba ibẹ̀ padà sílé láti Róòmù, wọ́n sì kọ orúkọ ibi tó sùn sí lójú ọ̀nà sílẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ti lè jókòó síbi tí ọ̀nà yìí ti fún, tó ní ọmọ ogun díẹ̀ àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, ó ti rí ohun tí yóò máa jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ lọ. London ló ń gbé, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, torí náà ògiri ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ níbikíbi. Torino lèmi ń gbé. A háyà mọ́tò kí a lè dúró níbi tó bá wù wá, nítorí púpọ̀ nínú àwọn abúlé yìí, bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀ lemọ́lemọ́.

Pont-Saint-Martin la kọ́kọ́ dúró sí. Afárá tó wà láàárín ìlú náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Àwọn ará Róòmù ló kọ́ ọ. Kò ní òpó kankan láàárín omi: ó gbéra láti etí odò Lys níhìn-ín, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó balẹ̀ sí òdìkejì, nǹkan bíi mítà 35. Ìtàn àwọn ará ìlú ni pé Màrtínì Mímọ́ ló bá Sàtánì dá májẹ̀mú. Sàtánì ní òun á kọ́ afárá náà lóru ọjọ́ kan, àmọ́ ọkàn ẹni tó bá kọ́kọ́ gun un ni tòun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹni mímọ́ ju búrẹ́dì sí òdìkejì, ajá kan sáré tẹ̀ lé búrẹ́dì, ajá ló kọ́kọ́ kọjá. Lọ́dọọdún, nígbà àjọ̀dún kánífà, wọ́n máa ń sun ère Sàtánì lábẹ́ afárá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìtàn náà tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ afárá fúngbà pípẹ́. Ohun tó ń wá ni ibi tí wọ́n ti gbé igi dúró nígbà tí wọ́n ń to òkúta náà.

Donnas kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá dé àfonífojì yìí rí kí wọ́n tó wo odi kankan. Àwọn ará Róòmù dé ibi tí òkè ti sọ̀ kalẹ̀ tààrà sínú odò, kò sí ojú ilẹ̀ tí wọ́n lè gbé ọ̀nà gbà. Wọ́n bá gbẹ́ òkè náà lápá kan, fún nǹkan bíi mítà 221, òkúta tó kù lábẹ́ wá di ojú títì. Kẹ̀kẹ́ ẹrù gba orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn fi lọ òkúta náà wọlé ní ìlà méjì. Mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan. Ó dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á, etí rẹ̀ kò ní gíńgín, òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ṣì dúró sínú rẹ̀. Lápá kan ojú títì náà, ẹnu ọ̀nà kan wà tó dúró gàdàgbà, nípọn, lójú ọ̀nà gangan.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ gbá a. "Àjọkẹ́, wá wò ó. Wọn ò kọ́ eléyìí o."

"Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, Ẹ̀gbọ́n?"

"Wá oríkèé òkúta níbẹ̀. O rí i? Kò sí. Gbogbo òkè tó yí i ká ni wọ́n gbẹ́ dànù, wọ́n wá ṣẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí kù."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òkúta tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà Róòmù XXXVI sí, ìyẹn ni pé ó ku máìlì Róòmù 36 kéèyàn dé Aosta. Nígbà tí ìjọba Róòmù lọ tán, àwọn ará Donnas sọ ẹnu ọ̀nà náà di ibodè ìlú wọn, wọ́n ń tì í lálẹ́. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ọ̀nà tí ìjọba ńlá là kí ọmọ ogun rẹ̀ lè yára kọjá, abúlé kékeré ló wá di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú lọ́wọ́.

Ọgbà àjàrà ló bo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele, ògiri òkúta tí kò ní sìmẹ́ńtì kankan ló gbé ìpele kọ̀ọ̀kan dúró. Irú àjàrà Nebbiolo ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, Picotendro ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìkórè ti sún mọ́, èso rẹ̀ dúdú minimini lábẹ́ ewé.

Ọjọ́bọ̀: Bard

Bard nìyí. Ní ibí, òkúta ńlá kan yọ sí àárín àfonífojì, odò yí i po, ọ̀nà àtijọ́ sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láàárín abúlé. Ẹni tó bá wà lórí òkúta yẹn, ẹyẹ nìkan ló lè kọjá tí kò ní rí. Ìwé àtijọ́ kan láti 1034 ti pè é ní odi tí kò ṣeé gbà. Àwọn olówó ìlú tó ń jẹ́ di Bard jókòó síbẹ̀ bí oníbodè, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, títí ara fi ta àwọn èèyàn. Ní 1242, Amedeo Kẹrin, olórí ìdílé Savoia tó ń ṣàkóso agbègbè náà, gba odi náà lọ́wọ́ Ugo di Bard. Láti ìgbà yẹn ló ti di ti Savoia, owó ibodè náà sì di tiwọn.

Ìtàn tó sọ Bard di olókìkí ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1800. Napoleon kó nǹkan bí 40,000 ọmọ ogun sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Gran San Bernardo. Ó fẹ́ yọ sí àwọn ọmọ ogun Ọ́stríà lẹ́yìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ítálì kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Yìnyín kò dá a dúró, òkè kò dá a dúró. Bard ló dá a dúró. Àwọn ọmọ ogun Ọ́stríà tó wà nínú odi náà kò ju bí 400 lọ, Stockard von Bernkopf ni ọ̀gá wọn, wọ́n sì há gbogbo ogun náà mọ́ ibẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn rí ọ̀nà àwọn darandaran gbà lórí òkè, àmọ́ ìbọn àgbá kò lè gba ibẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n da koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹran sí ojú títì abúlé, wọ́n fi koríko wé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àgbá kí ó má baà dún, wọ́n ń fà á kọjá lóru lábẹ́ odi gan-an.

Mo ti mọ ìtàn yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rin títì náà ni mo tó mọ bí ó ti le tó. Títì tóóró ni, ilé òkúta gíga ló wà ní ìhà méjèèjì, òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ń dún níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ bàtà mi padà wá bá mi létí láti ara ògiri. Obìnrin kan ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé lókè, mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ketekete láti orígun tí mo wà, pẹ̀lú pé jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́. Mo wòkè, ògiri odi náà wà lórí mi gan-an. Kí àgbá onírin gba irú ibí yìí kọjá lóru, kí àwọn tó ń fà á sì má gbọdọ̀ wúkọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 1800 ni odi náà tó juwọ́ sílẹ̀. Inú bí Napoleon débi pé ó ní kí wọ́n wó o palẹ̀. Nítorí náà, odi tí à ń rí lónìí kì í ṣe ti ayé àtijọ́, a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ yẹn. Ìdílé Savoia ló tún un kọ́ láàárín 1830 sí 1838, ẹnjiníà ológun kan tó ń jẹ́ Olivero ló ya àwòrán iṣẹ́ náà. Wọ́n tò ó ní ìpele mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ogun kankan kò tún jà á mọ́. Camillo Cavour, tó wá di olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Ítálì nígbà tí orílẹ̀-èdè náà di ọ̀kan, wà níbẹ̀ ní 1831 gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun. Wọ́n tún odi náà ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní 2006. Ẹ̀rọ agbénigòkè onígíláàsì ni èèyàn ń wọ̀ láti ìsàlẹ̀, músíọ̀mù nípa òkè Alps wà lókè pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n mi lo ọ̀pọ̀ wákàtí níbẹ̀. Ògiri náà wù ú, ó ní àwọn tó gé òkúta náà mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì. Èmi sọ̀kalẹ̀ padà sí abúlé. Bard jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tó kéré jù lọ ní gbogbo Ítálì, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ, àmọ́ àwọn ilé wọn, púpọ̀ nínú wọn láti àwọn ọdún 1400 àti 1500, ṣì dúró pẹ̀lú fèrèsé òkúta tí wọ́n gbẹ́ ní ọnà. Ní ẹ̀yìn abúlé, àpáta ńlá kan wà tí yìnyín ayé ìgbàanì ti lọ̀ dán. Ibì kan wà lára rẹ̀ tó dán ju tìyókù lọ. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ, orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí láyé àtijọ́ kí wọ́n yọ̀ wálẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó gbẹ́ orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn sára ògiri kankan, ṣùgbọ́n àpáta náà gba àmì ara wọn.

Ọjọ́ Ẹtì: Verrès àti Issogne

A dúró díẹ̀ ní Arnad, ìlú tí wọ́n ti ń rẹ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sínú iyọ̀ àti ewé olóòórùn dídùn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, torí náà wàràkàṣì fontina ló jẹ, pẹ̀lú polenta. Àgbàdo lílọ̀ ni polenta, wọ́n rò ó gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ro túwó, wọ́n wá yọ́ wàràkàṣì àti bọ́tà sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn.

Odi Verrès wà lórí òkúta lókè ìlú. Ìdílé Challant ló ni ín. Àwọn ni ìdílé tó lágbára jù lọ ní àfonífojì yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sí odi tí ẹ lè yà sí tí ẹ kò ní gbọ́ orúkọ wọn. Ibleto di Challant ló parí Verrès ní 1390. Kì í ṣe ilé afẹ́fẹ́yẹ̀yẹ̀. Òkúta onígun mẹ́rin gbàǹgbà kan ṣoṣo ni, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mítà 30, ògiri rẹ̀ nípọn ju mítà méjì lọ. Nínú, àtẹ̀gùn òkúta fífẹ̀ gùn yí àgbàlá ká lọ sókè, ohun tó gbé e dúró kò ju ìyí òkúta tó tẹ̀ lọ́wọ́ọ̀wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gùn ún. "Òkúta ló ń ti òkúta," ló sọ fún mi. "Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò bẹ̀rù rárá."

Ìtàn tó mú mi lọ́kàn ní Verrès ni ti Caterina di Challant. Bàbá rẹ̀, Francesco, kú ní 1442 láìní ọmọkùnrin. Ó ti fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin òun jogún òun. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkùnrin fárí gá, wọ́n ní obìnrin kì í jogún odi. Caterina kò gbà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Pietro d'Introd, di odi wọn mú, wọ́n bá mọ̀lẹ́bí jà ní kóòtù, wọ́n bá wọn jà lójú ogun. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, ní 1449, ó sọ̀kalẹ̀ láti odi wá sí gbàgede ìlú lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó sì bá àwọn ọmọ ìlú jó. Obìnrin olódi, pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, ní gbangba. Inú àwọn èèyàn dùn débi pé wọn kò gbàgbé rẹ̀: lọ́dọọdún, nígbà kánífà, Verrès máa ń yan obìnrin kan láti ṣe Caterina, á sì sọ̀kalẹ̀ wá jó. Lẹ́yìn ọdún bíi méje sí ijó yẹn, ní 1456, ó fi ogún náà sílẹ̀ fún mọ̀lẹ́bí ọkùnrin. Agbára wọn ju tirẹ̀ lọ.

Obìnrin tó bá ti bá àwọn ará ilé du ilé bàbá rẹ̀ rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́. Mo dúró sí gbàgede náà, mo wo odi lókè, mo ń ronú pé lọ́jọ́ ijó yẹn, ó ti mọ̀ pé àwọn ará ìlú nìkan ló kù tó lè fẹ̀yìn tì.

Òdìkejì odò ni Issogne wà. Láti òde, èèyàn lè kọjá kó má mọ̀ pé ààfin ni, torí àárín abúlé ló wà, ògiri rẹ̀ kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Inú ló wà. Giorgio di Challant, àlùfáà tó jẹ́ olórí ìjọ Sant'Orso ní Aosta, ló tún un ṣe láàárín nǹkan bíi 1490 sí 1509, ọdún tó kú, fún opó mọ̀lẹ́bí rẹ̀ àti àwọn ọmọ opó náà. Ní àárín àgbàlá, ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ igi pómégíránátì kan láti inú irin. Omi ń jáde lára ẹ̀ka rẹ̀ sínú ọpọ́n òkúta onígun mẹ́jọ. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé èso pómégíránátì ló so, àmọ́ ewé igi óòkù ni wọ́n fi sí i, àwọn dírágónì kéékèèké sì fara pamọ́ sáàárín ẹ̀ka.

Àwòrán tó wà lára ògiri, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbàlá yẹn, ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ìdílé ọlọ́lá ló ni ilé yìí. Wọn ò sọ pé kí wọ́n ya ọba tàbí ogun síbi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ìsọ̀ ọjà ni wọ́n ní kí wọ́n yà. Alápatà àti oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀ nídìí iná. Aránṣọ wà níbẹ̀ tó ń gé aṣọ, tí aṣọ yòókù wà ní pípá lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà èso àti ẹ̀fọ́ kún fún obìnrin. Nínú ìsọ̀ olóògùn, ìkòkò kún orí pẹpẹ, ẹnì kan sì ń gún nǹkan nínú odó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbé aṣọ irin wọn kọ́ sára ògiri, wọ́n jókòó, wọ́n ń ta ayò àti káàdì. Ní ìsọ̀ kan, wàràkàṣì rìbìtì rìbìtì wà ní títò lórí ara wọn: àwọn ará ibẹ̀ á sọ fún yín tìdùnnú-tìdùnnú pé fontina nìyẹn, ó ti lé ní ọdún 500 tí wọ́n ti yà á.

Mo dúró síwájú ìsọ̀ olóògùn yẹn títí ẹ̀gbọ́n mi fi wá pè mí. Ọwọ́ ẹni tó ń gún nǹkan náà ni mo ń wò. Ó di ọmọ odó mú bí ẹni tó ti ń gún láti àárọ̀. Ẹni tó ya àwòrán yìí ti jókòó nínú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò sí bí wọ́n ṣe lè purọ́ fún mi. Gbogbo ọjà tó wà lára ògiri yẹn, ojú ọ̀nà tí a ti ń tẹ̀ lé láti Donnas ló gbé e dé ibẹ̀.

Ọkùnrin kan tó jẹ́ ayàwòrán, Vittorio Avondo, ra ààfin náà ní 1872 nígbà tó ti ń bà jẹ́, ó tún un ṣe, ó wá ohun èlò ilé tó bá ìgbà rẹ̀ mu sínú rẹ̀, ó wá fi ta ìjọba lọ́rẹ ní 1907. Ó yẹ ká máa dárúkọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Fénis àti Aosta

Fénis ni ẹ máa ń rí lára káàdì ìkíni àti bébà ìpolówó. Ògiri méjì ló yí i ká, ilé ìṣọ́ rẹ̀ pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ, àmọ́ kò sí lórí òkè, kò sì dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ìyangàn ni. Aimone di Challant àti ọmọ rẹ̀ Bonifacio ni wọ́n kọ́ ọ dé ibi tó dé. Ní àgbàlá inú, lókè àtẹ̀gùn òkúta tó tẹ̀ ní àbọ̀ rìbìtì, Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ń gún dírágónì pa, àwọn ọlọ́gbọ́n àti wòlíì sì tò yí àgbàlá ká, oníkálukú na ìwé kíká tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn sí ní èdè Faransé àtijọ́. Àwọn oníṣẹ́ Giacomo Jaquerio ló ya púpọ̀ nínú wọn ní nǹkan bíi 1415. Nígbà tí ìdílé náà ta ilé ní àwọn ọdún 1700, ó di ilé àgbẹ̀, màlúù àti koríko wà níbi tí àwọn wòlíì ń wò. Alfredo d'Andrade, ọmọ ilẹ̀ Potogí, ló rà á ní 1895 tó gbà á là. Èrò pọ̀ jù lọ́jọ́ tí a lọ, a kò pẹ́ níbẹ̀.

Aosta fúnra rẹ̀, ìlú Róòmù ni láti 25 ṣáájú Kristi, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn Salassi tó ni ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rí ògiri ilé ìwòran Róòmù tó ṣì ga tó mítà 22. Èmi ń wá ohun mìíràn, mo sì rí i ní Porta Praetoria, ẹnubodè ìlú. Nígbà tí agbára Róòmù tán, àwọn ìdílé alágbára kó wọ inú ilé ìṣọ́ tó wà lára odi ìlú, wọ́n sọ ọ́ di ilé. Ìdílé kan lára wọn tiẹ̀ ń jẹ́ Ìdílé Ẹnubodè Sant'Orso, kí wọ́n tó di àwọn olúwa Quart. Ẹnubodè ló fún wọn lórúkọ.

Ní ìlú yìí náà ni wọ́n bí Anselm ní 1033. Ó gba orí òkè lọ sí ìhà àríwá, ó di mọ́ńkì ní Normandy, ó sì wá di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ní 1093. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ pé ará Aosta ni. Ó ní òun á sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun níbi iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni ilé tí a wọ̀ sí gbé búrẹ́dì dúdú jáde. Ọkà ráì ni wọ́n fi ṣe é. Láyé àtijọ́, abúlé kọ̀ọ̀kan ní ààrò kan tí gbogbo ilé ń lò, wọ́n máa ń dáná sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní òpin ọdún, wọ́n á yan búrẹ́dì tí wọ́n máa jẹ dé ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tò ó sórí àkàbà igi lókè àjà kí eku má baà dé ibẹ̀. Ó máa ń le débi pé ọ̀bẹ lásán kò ràn án. Ó fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé e hàn wá: irin tí wọ́n so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ pákó, tí èèyàn á gbé ìdí rẹ̀ sókè kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó jẹ́ kí n gbìyànjú. Búrẹ́dì náà ṣẹ́ kì, èéfọ́ rẹ̀ fò dé àyà mi.

Ọjọ́ Àìkú: Saint-Rhémy àti orí òkè

Láti Aosta, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀. A gba Étroubles, abúlé òkúta tó mọ́ tónítóní, dé Saint-Rhémy-en-Bosses. Saint-Rhémy ni abúlé tó kẹ́yìn kí ọ̀nà tó kọjú sí yìnyín. Títì kan ṣoṣo ló ní, ó há sáàárín òkè méjì. Gbogbo ibi tí a ti dé tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣọ́ ọ̀nà ń gbowó ni à ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Àwọn ará ibí ṣe nǹkan mìíràn. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ wọn ni láti mú àwọn arìnrìn-àjò la yìnyín já: wọ́n á ṣáájú, wọ́n á là ọ̀nà, wọ́n á gbé ẹrù, wọ́n á wá òkú ẹni tí yìnyín bò. Ìdílé Savoia fi ọwọ́ sí i, wọ́n sì yọ àwọn ọkùnrin abúlé náà kúrò nínú iṣẹ́ ológun nítorí iṣẹ́ yìí. Ọmọ ogun yìnyín ni wọ́n ń pè wọ́n. Iṣẹ́ náà wu èmi ju gbogbo odi tí a ti rí lọ, ó sì dùn mí pé àlejò púpọ̀ ń fi mọ́tò sáré kọjá abúlé yìí láìdúró.

Orí òkè náà, Gran San Bernardo, ga tó mítà 2,469. Afẹ́fẹ́ tutù bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ síni létí. Adágún omi kan wà níbẹ̀, ibodè Ítálì àti Siwisalándì sì wà létí rẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún 11, Bernard, tó jẹ́ àṣíwájú àlùfáà ní Aosta, dá ilé ìgbàlejò sílẹ̀ síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Àwọn àlùfáà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ṣì ń gba àlejò sùn. Àwọn ajá ńlá Saint Bernard tí a mọ̀ káàkiri ayé, ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Nínú ilé ìjọsìn wọn ni wọ́n sin Desaix sí, ọ̀gágun Napoleon tó kú lójú ogun ní Marengo lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà 1800, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí Bard juwọ́ sílẹ̀. Orí òkè yìí kan náà ni wọ́n ti wọ́ àwọn ìbọn àgbá kọjá, wọ́n gbẹ́ inú ìtì igi, wọ́n tẹ́ àgbá sínú rẹ̀, wọ́n fi okùn fà á lórí yìnyín. Napoleon alára, ìbaaka ló gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹṣin funfun ni wọ́n gbé e kà nínú àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ẹnu ilé ìgbàlejò náà, ó gbọ́wọ́ lé ògiri. "Ta ló gbé òkúta wá sókè yìí?" Mo dá a lóhùn pé òkúta ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, omi àti iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi pò ó lòun ń bi mí.

Nígbà tí a ó padà, a sọ̀kalẹ̀ sí ìhà Siwisalándì ká lè gba inú ihò abẹ́ òkè wọ Ítálì. Wọ́n ṣí ihò náà ní 1964, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà, òun ló mú kí ọ̀nà yìí ṣeé gbà láàárín òtútù. Owó wà ní ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi san án, wọ́n gbé ọ̀pá sókè, a sì kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó rántí pé yìnyín máa ń ti ọ̀nà orí òkè pa láti bí àárín oṣù Kẹwàá títí di nǹkan bí oṣù Kẹfà. Kó wo ọjọ́ tí odi kọ̀ọ̀kan ń ṣí kó tó gbéra, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé. Kó sì kọ́kọ́ ya Donnas.